Láti Melbourne dé Tae Rak: ọ̀nà, igi àti àwọn onílẹ̀

Ọ̀nà etíkun ni wọ́n máa ń tọ́ka sí fún àlejò tó bá dé Melbourne ní Ọsirélíà, pé ibẹ̀ ló rẹwà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà márosẹ̀ Western Highway ni mo ní kí àbúrò mi gbé wa gbà, torí iṣẹ́ ọ̀nà lílà ni mo ń ṣe nílé, mo sì fẹ́ fojú ara mi rí ibi tí ọ̀rọ̀ igi ti gbé ìjọba àti àwọn onílẹ̀ dé ilé ẹjọ́.

Kí n tó gbéra ni mo ti ń ka àbá àwọn Infrastructure Victoria. Ọdún 2015 ni ìpínlẹ̀ Victoria, tí Melbourne jẹ́ olú ìlú rẹ̀, dá àjọ yìí sílẹ̀ láti máa gba ìjọba nímọ̀ràn lórí ohun amáyédẹrùn: ọ̀nà, ọkọ̀ ojú irin, ilé ìwòsàn, ilé ẹ̀kọ́, omi. Wọn kì í la ọ̀nà, wọn kì í kọ́lé. Iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n wo ọgbọ̀n ọdún síwájú, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n rí fún ìjọba. Ní 2025, ara ohun tí wọ́n dá lábàá ni pé kí ìjọba náwó sórí ilé gbígbé fún àwọn Aboriginal, àwọn tó ni ilẹ̀ Ọsirélíà kí òyìnbó tó dé, kó sì tún náwó sórí ilé ìlera wọn. Inú mi dùn nígbà tí mo kà á, torí ẹni tó ń wo ọgbọ̀n ọdún síwájú ló ní àyè láti bi onílẹ̀ léèrè nígbà tí ìbéèrè ṣì wúlò.

A kọjá Ballarat, a kọjá Beaufort. Ọ̀nà fẹ̀, ó dán, ọkọ̀ tó ń lọ kò fara kan èyí tó ń bọ̀. Lẹ́yìn Buangor ló fún mọ́ra. Tírélà kan tó kó ọkà ré wa kọjá, atẹ́gùn rẹ̀ gbọn ọkọ̀ wa, àbúrò mi fi ọwọ́ méjèèjì di sítíárì mú. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ kò ní bá ìjọba jiyàn pé ó yẹ kí wọ́n fẹ ọ̀nà náà. Ojú kan náà tí tírélà àti ọkọ̀ kékeré ti ń pàdé máa ń pa èèyàn. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ ṣe ń ka ìyókù.

Kìlómítà 12 ààbọ̀ ni ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ fẹ̀ láàárín Buangor àti Ararat. Ilẹ̀ àwọn Djab Wurrung, ẹ̀yà kan lára àwọn Aboriginal, ni. Àwọn igi ńlá oníhò wà níbẹ̀, àwọn Djab Wurrung sì sọ pé inú ihò yẹn ni àwọn ìyá wọn ti ń bímọ láti ìran dé ìran. Àwọn mìíràn tún wà tí wọ́n ń pè ní igi atọ́nà: wọ́n ní bí wọ́n bá bímọ, wọ́n á da ibi ọmọ pọ̀ mọ́ hóró igi, wọ́n á gbìn ín, igi yẹn á sì jẹ́ ti ọmọ náà. Ọ̀rọ̀ yìí mú mi dúró. Nílé wa náà, a máa ń ri ibi ọmọ mọ́lẹ̀, àwọn mìíràn á sì gbin ọ̀pẹ tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ sórí rẹ̀. Ta ló máa wa katakata dé irú ibẹ̀ tí kò ní kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn?

Ní 2018, àwọn kan lára wọn pàgọ́ sẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ní igi kankan ò ní wó. Ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 2020 ni ìjọba kéde pé òun ń tú òfin kónílé-ó-gbélé Melbourne ká, ọjọ́ yẹn gan-an náà ni wọ́n gé ọ̀kan nínú àwọn igi atọ́nà. Bí àwọn kan ṣe ń yọ̀ ní ìgboro ni àwọn kan ń sunkún ní ìdí igi. Lẹ́yìn èyí ni ilé ẹjọ́ dá iṣẹ́ dúró.

Kì í kúkú ṣe pé ìjọba kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ onílẹ̀ kan ti fọwọ́ sí ètò náà tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, Eastern Maar Aboriginal Corporation ni òfin wá mọ̀ gẹ́gẹ́ bí aṣojú onílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn Eastern Maar bá ìjọba dúnàádúrà, wọ́n sún ojú ọ̀nà díẹ̀ kí àwọn igi ìbímọ lè wà níbẹ̀. Igi tí wọ́n gé kò sí lára àwọn tí wọ́n fẹnu kò láti dá sí. Àwọn tó wà ní àgọ́ ní tiwọn kò gba àdéhùn yẹn rárá. Ẹni tó bá ti ra ilẹ̀ n'Ìbàdàn rí mọ irú rẹ̀: mọ́gàjí ti fọwọ́ sí ìwé, ẹ̀ka ẹbí kejì ní àwọn ò gbọ́ sí i. Nítorí náà, "a ti bá wọn sọ̀rọ̀" kò tó. Ta lẹ bá sọ̀rọ̀, ìgbà wo lẹ sì bá a sọ ọ́?

Àbúrò mi rọra ń wakọ̀ lọ. "Ẹ̀gbọ́n, èwo ni irú igi ọ̀hún nínú gbogbo èyí?" Igi wà lọ́tùn-ún, igi wà lósì, èèpo ara wọn ń ṣí. Kò sí àmì kankan lára wọn tí àlejò lè mọ̀. Mo ní n kò lè fọwọ́ sọ ọ́. Ibi tí àwa awọnlẹ̀ ti máa ń kọsẹ̀ nìyẹn. Àwòrán ilẹ̀ á sọ gíga àti jíjìn, á sọ ibi tí odò gbà, kò lè sọ igi tó jẹ́ ti ọmọ ẹnì kan.

Òfin wà fún ọ̀rọ̀ yìí. Aboriginal Heritage Act ti 2006 ní kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ ńlá níbi tí ohun àjogúnbá lè wà kọ́kọ́ kọ ètò bí yóò ṣe dáàbò bò ó. Ilẹ̀ tí kò bá jìnnà ju 200 mítà lọ sí odò wà lára irú ibi bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ onílẹ̀ tó forúkọ sílẹ̀ ló máa yẹ ìwé náà wò, 30 ọjọ́ ni wọ́n fún un láti gbà á tàbí kọ̀ ọ́. Òfin tó dára ni, ó wù mí kí irú rẹ̀ wà nílé. Ohun tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ ni pé kí ìwé yẹn tó dé iwájú onílẹ̀, wọ́n ti fa ìlà ọ̀nà, wọ́n ti ya owó sọ́tọ̀, mínísítà ti ṣèlérí fún àwọn ará ìlú. Ẹni tí wọ́n bá bi léèrè nígbà yẹn kò ní ju bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ lẹ́nu. Mo gbà pé ọ̀dọ̀ àwọn agbani-nímọ̀ràn bí Infrastructure Victoria ló ti yẹ kí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ọ̀nà ṣì jẹ́ àbá, tí sísún un sọ́tùn-ún tàbí sósì kò tíì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Ní Ararat a yà sí gúúsù, àwọn òkè Gariwerd sì wà lápá ọ̀tún wa títí a fi dé Dunkeld. Hamilton la sùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì a wọ ilẹ̀ àwọn Gunditjmara, ẹ̀yà Aboriginal mìíràn. Budj Bim jẹ́ òkè tó tú òkúta yíyọ́ jáde láyé àtijọ́. Òkúta náà ṣàn, ó tutù, ó di ilẹ̀ dúdú gbágungbàgun tí omi ń dá dúró sí láàárín. Adágún kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Tae Rak. Lake Condah ni àwọn òyìnbó ń pè é. Obìnrin kan tó jẹ́ ọmọ Gunditjmara ló mú wa káàkiri. Ó dúró níbi tí èmi ò rí ju òkúta lọ, ó ní ká wo ilẹ̀ dáadáa. Ìgbà náà ni mo wá rí i: òkúta tò lápá kan, òkúta tò lápá kejì, ojú omi tí wọ́n fọwọ́ ṣe wà láàárín, ó rọra tẹ̀ kọ́rọ́ gba ara àpáta lọ sínú kòtò fífẹ̀ kan. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ti òkúta ẹ̀gbẹ́ kan wò. Kò mì.

Ẹja tí wọ́n ń pè ní kooyang ni wọ́n ṣe é fún, ẹja gígùn, yíyọ̀, tó rí bí ejò. Omi á gbé e wọlé, wọ́n á dá a dúró sínú adágún títí á fi dàgbà. Nígbà tó bá fẹ́ máa lọ sókun, agbọ̀n tí wọ́n fi koríko hun ló máa bá lẹ́nu ọ̀nà. Mo rí agbọ̀n náà, ojú mi sì mọ̀ ọ́n kíá. Ìgèrè ni, ó fẹ̀ lẹ́nu, ó tín-ín-rín nídìí. Àwọn onímọ̀ tó wa ibẹ̀ wò rí i pé ọ̀kan nínú àwọn ojú omi náà ti tó ọdún 6,600. Ìsédò, ojú omi, adágún ẹja, ilé roboto tí wọ́n fi òkúta mọ: bí èyí kò bá jẹ́ ohun amáyédẹrùn, n kò mọ ohun tó jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn òyìnbó tó wá tẹ̀dó la kòtò, wọ́n fa omi Tae Rak gbẹ, kí ẹran ọ̀sìn lè rí koríko jẹ. Wọn kò bi àwọn tó ni ín. Ní 2007 ilé ẹjọ́ gbà pé àwọn Gunditjmara ni wọ́n ni ilẹ̀, ní 2008 adágún náà padà sọ́wọ́ wọn, nígbà tó fi máa di 2010 wọ́n ti mọ ìsédò tuntun, omi sì padà. Nígbà tí iná jó igbó ibẹ̀ láàárín 2019 sí 2020, koríko jóná tán, àwọn ojú omi mìíràn tí ewé ti bò sì hàn síta. Oṣù keje 2019 ni UNESCO kọ Budj Bim sínú ìwé àjogúnbá àgbáyé, ìwé tí igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo wà nínú rẹ̀ láti 2005.

Mo pẹ́ lẹ́bàá ìsédò 2010 yẹn ju ibi yòókù lọ. Onílẹ̀ ló mọ ohun tó fẹ́ kí omi náà tún máa ṣe, òun ló sì bẹ àwọn ẹnjiníà níṣẹ́. Mo fẹ́ kí gbogbo ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ ọ̀nà nílé wá wò ó.

Ní ìparí oṣù kẹwàá 2025, ilé aṣòfin Victoria fọwọ́ sí òfin àdéhùn pẹ̀lú àwọn onílẹ̀, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Ọsirélíà, wọ́n sì dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí yóò máa ṣojú wọn níwájú ìjọba. Ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ yẹn ni mo fẹ́ kí àwọn tó ń kọ ètò ọgbọ̀n ọdún kọ́kọ́ lọ jókòó, kí wọ́n tún gba ibẹ̀ lọ sí ìlú kọ̀ọ̀kan, kí àwòrán ọ̀nà kankan tó jáde.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, àwọn Gunditjmara fúnra wọn ló ń fi ilẹ̀ náà han àlejò, ẹ bá wọn sọ ọ́ ṣáájú kẹ́ ẹ tó gbéra. Ẹ wọ bàtà tó le, òkúta ibẹ̀ mú. Ẹ ra epo sínú ọkọ̀ ní Hamilton. Ilé oúnjẹ wà létí adágún níbi tí wọ́n ti ń ta kooyang, ẹran rẹ̀ lọ́ràá, ó sì dùn.