Ẹni tó kú lọ́jọ́ omíyalé Ògùnpa

Ẹ ń kọ ìtàn ọ̀daràn, ẹ sì ń wá ibi tí apànìyàn inú rẹ̀ lè fi òkú pamọ́ sí n'Íbàdàn? Ẹ mú un lọ sí omíyalé Ògùnpa, 31 oṣù Kẹjọ 1980. Èèyàn tó kú lé ní 100. Ta ló fẹ́ bi òkú kan ṣoṣo léèrè?

Ẹ̀sùn ìpànìyàn kì í kú, fáìlì náà ṣeé ṣí nígbàkigbà. Ọdún tí wọ́n máa ṣí i ló gba ìṣirò. Ọlọ́pàá kì í lò ju ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, kì í sì í kọjá ọmọ 60 ọdún. Kọ́ńsítébù tó wọṣẹ́ ní 1979 ti fẹ̀yìn tì ní 2014. Tó bá jẹ́ òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ nípa òkú náà, 2012 ni mo máa fi ìtàn sí. Sájẹ́ǹtì ṣì ni, wọn ò gbé e ga mọ́; ẹ má tètè sọ ìdí rẹ̀. Ẹnìkejì rẹ̀ jẹ́ Ìnsípẹ́kítọ̀ obìnrin tí wọ́n tọ́ l'Ékòó. "Bàbá" ló ń pè é nínú mọ́tò, "Sájẹ́ǹtì" níwájú ọ̀gá wọn ní àgọ́ ọlọ́pàá Ìyágankú. Ibẹ̀ ni kí ìjà wọn ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ gbàgbé DNA: 1984 ni wọ́n ṣàwárí ọ̀nà àtifi í dá èèyàn mọ̀, kò sẹ́ni tó tọ́jú ẹ̀jẹ̀ dè é. GSM ò dé títí di 2001. Ìwé ló kù. Agodi ni odò Ògùnpa ti ń ṣàn wá sí Mọ́lété. Bí wọ́n bá rí olóògbé kẹ́yìn ní Mọ́lété, tí wọ́n wá gbé òkú rẹ̀ l'Ágodi níbi tí àgbàrá ti run ọgbà ẹranko, ta ló gbé e gòkè? Ẹ fi Mọ́lété sẹ́nu olóúnjẹ aláriwo kan ní orí 2, kí Agodi wà nínú ìwé mọ́ṣúárì ní orí 5. Ọmọ Ìbàdàn á tètè fura, nítorí náà ẹ fún olóògbé ní àbúrò obìnrin tó ń gbé l'Ágodi, kí wọ́n lè rò pé fúnra rẹ̀ ló lọ síbẹ̀.

Agbárí tó fọ́ kò jẹ́rìí nǹkan kan, òkúta inú omi lè fọ́ ọ. Eegun ọ̀fun kékeré tó ṣẹ́ ló ń tọ́ka sí ìfúnlọ́rùn, ó sì rọrùn kó sọnù tí wọ́n bá hú òkú lẹ́yìn ọdún 32. Àkọsílẹ̀ dókítà ti 1980 ló máa gbà yín. Sájẹ́ǹtì ti ya ẹ̀dà tó wà ní Ìyágankú. Àmọ́ nígbà náà wọ́n mú ẹnìkan, wọ́n sì fi ẹ̀dà fáìlì ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ fún ìmọ̀ràn kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Ẹ̀dà yẹn ni kí Ìnsípẹ́kítọ̀ lọ béèrè, láìsọ fún Bàbá.