Ẹ Má Tíì Sọ Pé Nẹ́tíwọ̀kì Ni

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ìtìjú ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ló kọ́ mi ju ìwé lọ.

Kò tíì pẹ́ tí mo ṣe fírídọ́ọ̀mù nígbà tí màmá olùkọ́ kan tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì pè mí sílé wọn ní Bódìjà, n'Ìbàdàn. Ọmọ wọn tó wà ní London ló ra kọ̀ǹpútà fún wọn kí wọ́n lè máa fojú ríra lálaalẹ́. Màmá ní, "Ọmọ mi, tí mo bá ti bi í pé ṣé dáadáa ni, mo lè lọ bu omi mu kí èsì rẹ̀ tó dé. Ẹnu rẹ̀ á ti pa dé kí ohùn tó jáde."

Àárọ̀ ni mo lọ. Fóònù ọwọ́ mi ni mo fi wọn ìyára Wi-Fi wọn, kọ̀ǹpútà gan-an wà ní pípa. Ó gbé mẹ́gábíìtì 14 jáde fún ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ó yẹ kí n fura, torí ìpè olójúkojú kì í sábà ná ju mẹ́gábíìtì 2 tàbí 3 lọ. Ṣùgbọ́n ẹnu mi yá ju ojú mi lọ. Mo ní router, àpótí tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì kiri ilé, ti gbó. Wọ́n fún mi lówó, mo ra tuntun wá, mo tò ó, mo gba owó iṣẹ́, mo lọ. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n pè mí. Màmá ò bínú o. Wọ́n kàn bi mí pé, "Ṣé èyí náà ti gbó ni?"

Lọ́tẹ̀ yìí, alẹ́ ni mo lọ, nígbà tí àìsàn náà ń ṣe é lọ́wọ́. Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, mo ṣí Command Prompt, ojú dúdú yẹn tí ẹ máa ń sá fún. Mo tẹ ping 192.168.1.1 -t, nọ́ńbà router wọn nìyẹn. Ping máa ń fi ọ̀rọ̀ kékeré ránṣẹ́, ó sì máa ń wọn bó ṣe pẹ́ tó kí èsì tó padà. Èsì ń bọ̀: mílísẹ́kọ́ńdì 1, 2, 1, 3. Ó dáa, láti orí tábìlì dé ọ̀dọ̀ router kò sí wàhálà. Mo wá tẹ ping 8.8.8.8 -t, nọ́ńbà ẹ̀rọ Google kan, kí n lè wo ìta. 940. 1,180. 1,320. Òmíràn kò tilẹ̀ padà wá. Ẹ rántí pé mílísẹ́kọ́ńdì 1,000 ni ìṣẹ́jú-àáyá kan. Omi tí Màmá ń lọ bù mu nìyẹn.

Mo ṣí Resource Monitor, ibi tí Windows ti ń fi ètò tó ń lo kọ̀ǹpútà hàn, mo lọ sí Network, mo tẹ orí òpó Send kí ẹni tó ń fi nǹkan ránṣẹ́ jù lè bọ́ sókè. Ètò tó ń kó fáìlì lọ pamọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà lókè pátápátá. Ọmọ ọmọ wọn ti da fídíò òkú àgbà kan sínú àpò fáìlì tí ètò yẹn ń ṣọ́, jígábáìtì 38. Wọn kì í tan kọ̀ǹpútà àyàfi lálẹ́ tí wọ́n bá fẹ́ bá London sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ti tàn án báyìí, fídíò á tún tẹ̀síwájú láti ibi tó dé. Ọ̀nà ìfiránṣẹ́ wọn kò sì ju mẹ́gábíìtì kan lọ fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, bíìtì mẹ́jọ ló sì wà nínú báìtì kan. Mo ṣírò rẹ̀: wákàtí méjì lálẹ́, ó máa lé ní ogójì alẹ́ kí òkú àgbà yẹn tó wọlé tán. (Dátà tí kì í pé oṣù fún Màmá, ibẹ̀ náà ló ń gbà lọ.) Mo dá ètò náà dúró. Ping bọ́ sí 62, 58, 60. A pe London, ọmọ wọn sì dáhùn kí Màmá tó kí i tán.

Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an? Ìyára àti ìdádúró kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọ̀nà lè fẹ̀ kó sì jìnnà. Ó lè kúrú kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì há a mọ́lẹ̀. Nígbà tí ọ̀nà ìfiránṣẹ́ bá kún, ọ̀pọ̀ router kì í tètè da ẹrù nù, ńṣe ni wọ́n ń tò ó sórí ìlà. Ohùn Màmá, tí kò wúwo rárá, á wá dúró sẹ́yìn fídíò olókùúta. Bufferbloat ni wọ́n ń pè é. Jim Gettys, ará Amẹ́ríkà tó wà lára àwọn tó kọ X Window System (ètò tó ń gbé fèrèsé àti àwòrán sójú kọ̀ǹpútà Unix), ló sọ orúkọ yẹn lẹ́yìn tó rí i nínú ilé ara rẹ̀ ní 2010. Tí router bá ní SQM, ètò tí kì í jẹ́ kí ìlà yẹn gùn jù, ẹ tàn án, kí ẹ sì dín iye ìfiránṣẹ́ kù sí nǹkan bíi ìdá 85 tàbí 90 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ẹ wọ̀n. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni ẹ máa ṣe é.

Tó bá jẹ́ pé ping àkọ́kọ́ yẹn, ti inú ilé, ló ń fò bí eéṣú, 3, 210, 8, 400, Wi-Fi ni. Ẹ fi wáyà so kọ̀ǹpútà mọ́ router wò. Mo ti bá router lẹ́yìn fíríìjì, mo ti bá a nínú kọ́bọ́ọ̀dù àwo. Ẹ gbé e síta, sókè. Ìgbì Wi-Fi méjì ló wọ́pọ̀. 2.4 GHz ń la ògiri kọjá dáadáa ṣùgbọ́n èrò pọ̀ níbẹ̀, máíkírówéèfù ìdáná pàápàá wà lára èrò náà. Níbẹ̀, ẹ lo channel (ojú ọ̀nà orí ìgbì náà) 1, 6 tàbí 11. 5 GHz yá, àmọ́ ògiri búlọ́ọ̀kù méjì lè gba tọwọ́ rẹ̀.

Èyí tó máa ń tàn yín jẹ ni kí ping dára, kí ojú ìwé wá dúró fún ìgbà díẹ̀ kó tó bú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tí kọ̀ǹpútà ti ń wá nọ́ńbà tó bá orúkọ ojú ìwé mu ni ẹ wò, ìyẹn DNS. Ẹ fi 1.1.1.1, DNS ti Cloudflare, dán an wò. Ẹ tún wo proxy, alárinà tí kọ̀ǹpútà lè gbà dé íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí wọ́n kọ Automatically detect settings sí. Nígbà míì kọ̀ǹpútà á máa ké pe ẹni tó máa júwe ọ̀nà fún un, kò sẹ́nì kankan nílé, á sì dúró títí á fi sú u. Tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ilé, ẹ pa Automatically detect settings yẹn. Tó bá jẹ́ ti ọ́fíìsì, ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ni ọ́fíìsì.

Ó kúkú wà tó jẹ́ ìta ni lóòótọ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, àwọn wáyà abẹ́ òkun, WACS, ACE, MainOne àti SAT-3, bàjẹ́ lẹ́bàá Abidjan, nẹ́tíwọ̀kì Nàìjíríà sì wó. Kí n tó dé ṣọ́ọ̀bù, ọmọ iṣẹ́ mi kan ti fọ́máàtì kọ̀ǹpútà oníbàárà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹ má sì ṣèlérí ohun tí ẹ̀dá kò lè ṣe: Lagos sí London tó kìlómítà 5,000, ìmọ́lẹ̀ inú wáyà ń sáré bíi kìlómítà 200,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà àlọ àti àbọ̀ kò lè dín ní mílísẹ́kọ́ńdì 50, ẹnikẹ́ni tó wù kó tún un ṣe.

Ní ti Màmá, mo dá owó iṣẹ́ padà, mo sì ra router àtijọ́ náà lọ́wọ́ wọn ní iye tí wọ́n ra tuntun. Òun ló ń gbé Wi-Fi ṣọ́ọ̀bù mi títí di òní.