Adìẹ ìyá onílé ló kọ́ mi bí ewúrẹ́ inú kọ̀ǹpútà ṣe ń mọra wọn

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹranko inú géèmù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí, torí oṣù méjì gbáko ni mo fi ya irun ewúrẹ́ kí n tó mọ̀ pé irun kọ́ ni wàhálà mi.

Ewúrẹ́ 5 ni, káwọn ọmọ àdúgbò wa l'Ókè-Àdó lè máa bá wọn ṣeré lórí skríìnì. Òru tí iná bá wá ni mò ń ṣe é. Ọjọ́ tí mo fi han àwọn ọmọ, kò pẹ́ tó sú wọn, ọ̀kan wá bi mí pé "Bọ̀ọ̀dá, ṣé àwọn ewúrẹ́ yìí ò mọra wọn ni?" Ó dùn mí gan o, àmọ́ òótọ́ ló sọ. Ìkan á kọlu ìkejì, ìkejì ò tiẹ̀ ní wo ibẹ̀.

Ìyá onílé wa ń sin adìẹ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sẹ́nu ọ̀nà láràárọ̀, mò ń wò wọ́n, mò ń kọ ọ́ sílẹ̀. Àgbébọ̀ dúdú kan wà níbẹ̀, tó bá ti yọ síbi àgbàdo báyìí àwọn yòókù á sún, kò jà o, kò tiẹ̀ ké, ó kàn na ọrùn ni, torí wọ́n ti jà á tán tipẹ́, kálukú sì rántí. Mo wá kà á lẹ́yìn náà pé ará Norway kan, Thorleif Schjelderup-Ebbe, ti wo adìẹ báyìí ní bí 100 ọdún sẹ́yìn, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé adìẹ ní ipò láàárín ara wọn, èyí á fi ẹnu ṣá ìyẹn lórí, ìyẹn ò ní gbẹ̀san, èyí tó kéré sí òun ló máa lọ ṣá.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú níbẹ̀ nìyẹn. Ẹ má kọ ọ́ sínú kóòdù pé "ewúrẹ́ yìí le", ẹ kọ ohun tí ewúrẹ́ yìí rántí nípa ewúrẹ́ yẹn, kẹ́ ẹ tún wá kọ ohun tí tọ̀hún náà rántí nípa tiẹ̀, torí méjèèjì ò ní bára mu. Adìẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò radìẹ: gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pàdé, ìrántí àwọn méjèèjì ló gbọ́dọ̀ yí padà. Ewúrẹ́ 5 á ní ìrántí 20, torí ọ̀kọ̀ọ̀kan á rántí àwọn 4 yòókù. Tẹ́ ẹ bá ní 50, ó ti di 2,450 nìyẹn, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbàgbé àwọn tí wọn ò rí mọ́.

Àwọn kan ní yunifásítì MIT l'Ámẹ́ríkà ṣe irú ẹ̀ lọ́dún 2001, AlphaWolf ni wọ́n pè é. Èèyàn á hu tàbí kó kùn sínú máìkì bí ìkookò, ọmọ ìkookò tiẹ̀ á sì mọ irú ojú tó máa fi ko èkejì, ìkookò kọ̀ọ̀kan ló sì ń rántí bó ṣe rí lára ẹ̀ nígbà tí wọ́n pàdé kẹ́yìn. Ẹni tó ń ṣeré ò darí ẹsẹ̀ ẹranko, ìwà ló ń darí. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an.

Ti Craig Reynolds náà wà, ẹni tó ṣe agbo ẹyẹ inú kọ̀ǹpútà lọ́dún 1986, òfin 3 péré ló fún wọn: má kọlu aládùúgbò ẹ, kọjú síbi tí wọ́n kọjú sí, má jìnnà sí wọn. Ó dáa fún lékèélékèé tó ń fò lọ sílé nírọ̀lẹ́, àmọ́ àwọn ẹyẹ inú kọ̀ǹpútà yẹn ò mọra wọn.

Ẹ má sì jẹ́ kí ewúrẹ́ mọ ohun tójú ẹ̀ ò rí tí etí ẹ̀ ò gbọ́. Kó tó gbẹ́sẹ̀, kó kọ́kọ́ yí orí, kó na etí, kẹ́ni tó ń wò ó mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀.

Mo tún un ṣe láìsí irun rárá, bí àpótí lásán ni wọ́n rí, orí àti etí nìkan ló ń yí. Àwọn ọmọ yẹn ò fẹ́ dìde mọ́. Wọ́n sọ èyí tó le jù ní Ìyá Rúkà. Ibi tí wọ́n ti ń ṣeré lọ́wọ́ ni iná lọ, ọmọ yẹn náà tún bi mí pé ṣé Ìyá Rúkà á ṣì rántí òun tíná bá dé. Kò lè rántí. Mi ò tíì kọ ibi tó máa tọ́jú ìrántí sí. Òru ọjọ́ yẹn ni mo kọ ọ́.