Bí Olófòófó Ṣe Di Ẹni Tó Ń Sọ̀rọ̀

Nígbà tí bàbá mi àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá tó bí mi lọ́mọ, papò dà ní Ìwó lọ́dún 2011, àwọn ẹbí pín ilẹ̀, wọ́n pín aṣọ, wọ́n pín àga, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó nawọ́ sí odídẹrẹ́ tó wà nínú àgò lẹ́bàá fèrèsé. Èmi ni mo gbé e wá sí Ìbàdàn. Ìwó ni wọ́n ń kì ní ilé odídẹrẹ́, nítorí náà kò sóhun tó ṣàjèjì nínú kí àgbàlagbà ibẹ̀ fi ẹyẹ sílẹ̀ lógún. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ẹyẹ ọ̀hún kò mọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Àwọn ọmọ mi fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n sọ ọ́ ní Olófòófó.

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, bí ilẹ̀ ti ń ṣú, a gbọ́ tí ẹnìkan wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì ní pálọ̀, gẹ́lẹ́ bí bàbá àgbà ti máa ń ṣe kí ó tó jókòó. Ìyàwó mi dìde dúró pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́. Ẹyẹ náà ni. Láti ìgbà tí ìyá àgbà ti kú ni bàbá ti ń dá gbé, kò sì sí ẹni tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ nínú ilé, nítorí náà ohun tí ẹyẹ ń gbọ́ ni ó mú: ikọ́, ilẹ̀kùn tó ń han, àti omi tó ń kán sínú garawa.

Mo pinnu láti kọ́ ọ. Aládùúgbò wa kan ní kí n máa fún un ní atarodo, pé ata ni í tú ahọ́n odídẹrẹ́. Mo fún un, ó sì jẹ ẹ́ bí ẹni ń jẹ àgbàdo, kò tilẹ̀ ṣẹ́jú, nítorí pé ata kì í ta ẹyẹ bí ó ti ń ta àwa ènìyàn. Ohùn ẹyẹ kò tilẹ̀ ti ẹnu bẹ̀rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun ni ó ti ń wá, níbi tí ọ̀nà èémí ti pín sí méjì lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró.

Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi ń dúró níwájú àgò láràárọ̀, tí mo ń wí pé "Ẹ káàárọ̀" bí olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó mú pàṣán dání. Olófòófó á yí orí, á fi ojú kan wò mí, á sì padà sídìí ẹ̀pà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ, ni "Up NEPA!" Ohùn àbígbẹ̀yìn mi ni ó fi sọ ọ́, lọ́sàn-án gangan tí iná kò sí, gbogbo ilé sì sáré lọ tan fáànù lásán. A kì í wí "Up NEPA" fún ẹyẹ. Ara wa ni a ń wí i fún, tayọ̀tayọ̀, gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìgbà yẹn ni mo rántí ohun tí mo ti kà nípa Irene Pepperberg, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tó ra odídẹrẹ́ kan ní Chicago lọ́dún 1977, tó sì sọ ọ́ ní Alex. Ènìyàn méjì ni í jókòó níwájú Alex: ọ̀kan á mú nǹkan dání, á bi èkejì pé kí ni, bí èkejì bá pè é dáadáa, á gbà á, bí ó bá ṣì í pè, wọn á fi dù ú. Ẹyẹ ń wò wọ́n, ó ń jowú ẹni tó ń rí gbà, títí òun náà á fi fẹ́ dá sí i. Nígbà tí Alex fi kú lọ́dún 2007, lẹ́ni ọdún 31, ó ti mọ ọ̀rọ̀ tó lé ní 100, ó mọ àwọ̀, ó sì ń ka nǹkan títí dé 6.

"Ẹ wọlé" ni àwa yàn. Èmi á jáde, máa kan ilẹ̀kùn. Ìyàwó mi á ní "Ẹ wọlé". Máa wọlé, máa sì fún un ní ẹyìn sísè kan níṣojú Olófòófó, tí kò sóhun tó fẹ́ràn tó ẹyìn. Ìyàwó mi kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n ó ń jẹ ẹ́ nítorí ẹ̀kọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹyẹ náà bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé ohùn mẹ́ta: re, re, mi. Kò sí kọ́ńsónáǹtì kankan níbẹ̀, síbẹ̀ gbogbo wa gbọ́ ohun tó ń wí, bí ìgbà tí onígángan bá ń pe àlejò wọlé. Ó mú ohùn kí ó tó mú ọ̀rọ̀. Ó tó oṣù méjì sí i kí "wọ" àti "lé" tó bọ́ sípò, mo sì ti ń bẹ̀rù pé "wọ" yóò yọ ọ́ lẹ́nu, nítorí odídẹrẹ́ kò ní ètè tí yóò ká jọ.

Àwọn tó gbọ́ ọ ń béèrè ibi tí wọ́n ti lè ra tiwọn. Èmi kì í júwe. Inú igbó ni wọ́n ti ń dẹ púpọ̀ nínú àwọn tó ń dé ọjà, ọ̀pọ̀ ń kú lójú ọ̀nà, òwò àwọn tí wọ́n mú nínú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì sì ti di èèwọ̀ látìgbà ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè lórí òwò ẹranko àti ewéko igbó (CITES) tó wáyé ní Johannesburg lọ́dún 2016. Ẹni tó bá ti ní ọ̀kan nílé, kí ó má ṣe fún un ní píà, nítorí májèlé ni fún un.

Ní báyìí, bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn wa, ohùn ìyàwó mi ni yóò dáhùn pé "Ẹ wọlé", bí òun kò tilẹ̀ sí nílé. Àlejò á wọlé, á máa wá ẹni tó dá a lóhùn kiri pálọ̀, títí Olófòófó á fi wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì.