Ọmọ ti jí o, ẹ bá wa dúpẹ́

Ẹ bá wa gbé Olúwa ga! Ọmọ wa tí gìrì mú ti jí, ó ti mu ẹ̀kọ, ó sì ti ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ du rímóòtù. Ẹ̀yin tí ẹ pè tí a ò gbé fóònù, ẹ má bínú.

Lẹ́yìn Ọlọ́run, Àǹtí nọ́ọ̀sì ni. Nígbà tí gìrì gbé ọmọ, tí ojú rẹ̀ yí sókè, tí ètè rẹ̀ ń dúdú, gbogbo ilé ń ké. Aago ni Àǹtí kọ́kọ́ wò. Wọ́n tẹ́ ọmọ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ kí itọ́ àti èébì lè ṣàn jáde, kó má baà gba ọ̀nà èémí lọ. Wọ́n tú bọ́tìnì ọrùn rẹ̀, wọ́n ká aṣọ sábẹ́ orí. Wọn ò dì í mú, wọn ò sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni dì í mú.

Ẹni tó gbé ṣíbí wá, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí gìrì mú kì í gbé ahọ́n rẹ̀ mì. Ṣíbí ló ń ká eyín, eyín tó bá ká ló sì lè há sọ́nà ọ̀fun. Ẹni tó ní ká ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ fún abiyamọ mìíràn mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ gbé ìgò àgbo ìtọ̀ màlúù dé ńkọ́? Ìtọ̀ yẹn àti ewé tábà inú rẹ̀ a máa fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, a sì máa mú kí mímí rẹ̀ falẹ̀. Ọpọlọ ọmọ kékeré ò lè fara da méjèèjì. Ọmọ tí gìrì ì bá fi sílẹ̀ láìní àbùkù, àgbo náà lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ títí ayé. Àǹtí gbà á lọ́wọ́ yín, ẹ ní wọ́n ń ṣe òyìnbó.

Gìrì ibà, èyí tí ara gbígbóná ń fà, kì í sábà pé ìṣẹ́jú 5. Tiwa kọjá rẹ̀, ibẹ̀ ni Àǹtí ti ní ká gbéra. Nínú ọkọ̀, orí itan wọn, ọmọ ṣì ń gbọ̀n. Mi ò ní gbàgbé ìró eyín rẹ̀.

Wọ́n wọ̀n ọ́n ní ọsibítù: kílò 12. Diazepam, oògùn tó ń dá gìrì dúró, mílígíráàmù 6, wọ́n fi sí i níhò ìdí, torí ó ṣòro láti rí iṣan lára ọmọ tó ń gbọ̀n. Láìpẹ́, ara rẹ̀ rọ̀. Wọ́n gún un níka láti wo ṣúgà àti ibà ẹ̀fọn, wọ́n tẹ ọrùn rẹ̀ wò bóyá ó le, wọ́n sì fa omi ẹ̀yìn rẹ̀ nítorí yínrùnyínrùn. Ẹ̀yin tí ẹ ní omi ẹ̀yìn ń sọ ọmọ di arọ: ìsàlẹ̀ ibi tí okùn ọpọlọ tó gba inú eegun ẹ̀yìn parí sí ni abẹ́rẹ́ náà ń wọ̀. Ibà ẹ̀fọn ni wọ́n bá. Wọ́n fún un ní Artesunate, oògùn ibà náà, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, lẹ́yìn wákàtí 12, àti lẹ́yìn wákàtí 24.

Kì í ṣe wárápá, kì í sì í ṣe àbíkú, ẹ dákẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Nínú ọmọ 3 tí gìrì ibà mú, ó lè tún mú 1. Parasítámọ́ọ̀ máa ń mú ara tù ú, kò lè dá gìrì dúró. Aago àti ìdùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, òun la ti kọ́ báyìí.

Àǹtí, ẹ ní kí n má dárúkọ yín, mo gbọ́. Ọmọ ti ń béèrè yín láti àárọ̀. Ẹkún ò ní sọ nílé yín láéláé.