Ìyàwó Tí Mo Gbé Wọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

Ní ilé tí mò ń gbé ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, nílùú Òṣogbo, ògiri kò dé òrùlé. Ẹni tó kọ́ ọ kọ́ ọ dé ibi tí owó rẹ̀ mọ, ó dáwọ́ dúró, ó kan páànù lé e. Yàrá mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan láàárín, gbogbo wa sì jọ ń lo atẹ́gùn kan náà lókè. Bí ẹni tó wà ní yàrá àkọ́kọ́ bá sín, láti yàrá ìkẹjọ ni wọ́n ti máa ń kí i pẹ̀lẹ́.

Mi ò ráhùn o. Naira 80,000 ni mò ń san lọ́dún. Ẹ kọ́kọ́ lọ béèrè iye tí wọ́n ń gba yàrá tó ní ilé ìwẹ̀ tirẹ̀ lágbègbè Òkè-Fíà, níbi tí mo ti ń tẹ̀wé, kí ẹ tó bá mi dá sí i. Nígbà tí mò ń wá ilé tí màá gbé, ajẹ́ǹtì kan mú mi lọ wo irú ẹ̀ lọ́hùn-ún. Ó ṣírò owó ilé, ó ṣírò owó àgírímẹ́ǹtì, ó ṣírò kọmíṣọ́ọ̀nù, ó tún ṣírò owó ohun tí mo lè bàjẹ́ lọ́jọ́ iwájú. Mo bi í pé ṣé ó fẹ́ kí n ra ilé náà ni. Bàbá onílé tiwa kò lo ajẹ́ǹtì. Àwọn fúnra wọn ló jókòó síta, wọ́n wo bàtà mi, wọ́n bi mí pé ọmọ ta ni mí, wọ́n ka owó, ó parí. Kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 1991 ni wọ́n ti kọ́ ilé náà, Bàbá sì fẹ́ràn láti máa sọ pé ẹ̀gbọ́n ìpínlẹ̀ ni ilé àwọn. Tí ẹ bá wo páànù rẹ̀, ẹ ò ní jiyàn.

Ọ̀rọ̀ iná ló le níbẹ̀. Mítà kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo ilé, èyí tí à ń ra káàdì sí. Àdúgbò wa kò sí lára àwọn tí wọ́n ń pè ní Band A, àwọn tó yẹ kó máa rí iná fún ogún wákàtí, ó kéré tán, lójúmọ́, tí owó iná wọn fò dé naira 225 fún yúníìtì kan ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Iná tiwa ń wá nígbà tó bá wù ú. Ìwọ̀nba tó bá sì wá náà, a máa ń pín owó rẹ̀ bí ẹran iléyá. Àlájà, ìyàwó Bàbá, ló ni ìwé ìpín: gílóòbù, owó kan, fáànù, owó kan, tẹlifíṣọ̀n, owó kan, áyọ́ọ̀nù, owó méjì. Fíríìjì wà nísàlẹ̀ pátápátá, bírò pupa ni wọ́n fi kọ ọ́. Iye tó wà níwájú rẹ̀ ló fà á tí gbogbo ayálégbé fi ń mu omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ láìṣàròyé.

Ṣùgbọ́n ooru oṣù kẹta kò mọ ìwé Àlájà. Ọmọ yunifásítì kan ní Òkè-Báalẹ̀ ti fẹ́ parí ẹ̀kọ́, ó ń ta ẹrù rẹ̀ kó má baà máa rù wọ́n relé. Fíríìjì kékeré kan wà níbẹ̀, funfun báláú. Mo san díẹ̀ sílẹ̀ nínú owó rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú ni mo dá láti gbé e wọlé, nígbà tí àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì bá ti lọ ṣọ́ọ̀ṣì, tí Àlájà àti àwọn ẹgbẹ́ wọn bá ti lọ sí ásáláátù. Ilé wa kì í ní ju adìẹ lọ ní irú àkókò yẹn.

Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, mo pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Ìlobù, àwọn ló máa bá mi wá mọ́tò. Níwọ̀n bí mo ti mọ irú òrùlé tí mo wà lábẹ́ rẹ̀, mi ò dárúkọ ohunkóhun.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti rí i o. Ní Òkè-Báalẹ̀. Ó funfun, ó kúrú díẹ̀, ṣùgbọ́n ó rẹwà. Rárá, ó ti wà lọ́dọ̀ ẹnì kan rí, bí ọdún méjì. Ẹ gbọ́, ó tutù! Mo fọwọ́ kàn án fúnra mi, ó tutù dáadáa. Kì í sì pariwo lóru. Mo ti san díẹ̀. Tí mo bá lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan tí mo rí i pé kò lárùn kankan lára, màá san ìyókù. Tí kò bá tẹ́ mi lọ́rùn, màá dá a padà. Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ jọ̀ọ́, kí àwọn ará ilé yìí má rí i kó tó wọ yàrá."

Nígbà tí mo pa fóònù, gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Mo rò pé wọ́n ti mú iná lọ ni. Iná wà.

Láàárọ̀ Jímọ̀, Ìyá Alákàrà fi àkàrà mẹ́ta ṣe ènì fún mi, wọ́n ní kí n máa jẹun dáadáa, agbára ni mo máa nílò. Mo dúpẹ́. Àǹtí Nọ́ọ̀sì dá mi dúró lẹ́nu kànga, wọ́n bi mí nípa jẹ́nótáìpù. Mo ní AA ni mí. Wọ́n ní, "Ẹnì kejì ńkọ́?" Mo ní, "Ẹnì kejì wo, ma?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé omi wọn lọ. Bàbá Onímọ́tò tó kọjú sí yàrá mi tiẹ̀ pè mí sí kọ̀rọ̀, wọ́n gbọ́wọ́ lé mi léjìká. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, obìnrin kì í ṣe ohun tí à ń dá padà." Ìyàwó tiwọn ti kó lọ sí Ìkìrun láti ọdún tó kọjá, mo rò pé ẹ̀dùn ọkàn wọn ni wọ́n ń sọ fún mi. Mo ní, "Ẹ ṣe sùúrù, sà, wọ́n á padà wá." Wọ́n wò mí fún ìgbà pípẹ́.

Nígbà tó di Sátidé, wọ́n fọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n pa kọ́tìnnì ilé ìwẹ̀ dà. Mo ti ń gbé níbẹ̀ fún ọdún mélòó kan, mi ò mọ̀ pé kọ́tìnnì yẹn ṣeé pa dà. Àlejò Bàbá ni mo rò pé ó ń bọ̀.

Ẹ wá wo ọjọ́ Àìkú. Ẹ̀gbọ́n mi ti gba bọ́ọ̀sì kékeré kan, wọ́n sì ti gbé fíríìjì náà sí i. Nítorí mo ní kẹ́nikẹ́ni má rí i, wọ́n ti fi àdìrẹ ìyàwó wọn bò ó láti òkè délẹ̀, wọ́n fi okùn gbà á nídìí. Bí a ṣe yà wọ ọgbà, mo rí i pé kò sẹ́ni tó lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sẹ́ni tó lọ sí ásáláátù. Wọ́n ti to bẹ́ǹṣì. Bàbá onílé wà nínú agbádá. Kúlà ìrẹsì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Alákàrà. Àlájà fúnra wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú igbá omi, wọ́n ní, "Bó ti wù kó jẹ́, obìnrin kì í gba ẹ̀yìnkùlé wọ ilé mi."

Mo la ẹnu, ọ̀rọ̀ kò jáde. Àwọn obìnrin ti dá orin ìyàwó sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, tí kò mọ nǹkan kan, pariwo láti inú mọ́tò: "Ẹ wá bá mi dì í mú! Kò gbọdọ̀ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ o, ó wúwo!"

"Yéè!" Ìyá Alákàrà fọwọ́ lé orí. "Ó ti lóyún!"

Orin yẹn tún wá ga sí i. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi gbé e sọ̀ kalẹ̀. Àlájà kò lo awò ojú wọn lọ́jọ́ náà, nítorí fọ́tò. Aṣọ àdìrẹ tó dúró ṣánṣán níwájú wọn ni wọ́n rí, wọ́n bá bẹ̀rẹ̀, wọ́n da omi sí i nídìí: "Ẹsẹ̀ rẹ á tu ilé yìí lára. Wàá bímọ, wàá bímọ rere." Wọ́n tún yí sẹ́yìn pẹ̀lú omi tó kù.

Ìgbà yẹn ni ohùn mi tó là. "Àlájà, ẹ má dà á sí i lẹ́yìn! Kọ̀ǹpírésọ̀ ló wà níbẹ̀!"

"Kí ló wà lẹ́yìn ẹ̀?" Bàbá dìde.

Okùn tú. Àdìrẹ já wálẹ̀. Ọmọ Àǹtí Nọ́ọ̀sì, tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ, ló ṣàlàyé fún àwọn àgbà: "Fíríìjì ni!"

Bàbá Onímọ́tò rín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyá Alákàrà ń béèrè ẹni tó máa san owó ìrẹsì, wọ́n ń béèrè, wọ́n sì ń bù ú fún àwọn èèyàn. Àlájà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé igbá sílẹ̀, wọ́n wọlé, wọ́n jáde pẹ̀lú awò ojú àti ìwé. Tààrà ni wọ́n ṣí i sí ibi bírò pupa.

Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, mi ò tíì tàn án, ó gbọ́dọ̀ sinmi ná, ó lè má tiẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́ pẹ̀lú omi tí wọ́n dà sí i. Bàbá gbọ́wọ́ sókè.

"Àlájà, ẹ fi ti iná sílẹ̀ ná. Ẹni tó bá gbéyàwó wọlé, ẹni méjì ló ti dà. Ẹ kọ owó omi ẹni méjì. Ẹ kọ owó ilẹ̀ gbígbá ẹni méjì. Kí ẹ wá kọ ti iná lé e."

"Bàbá," mo ní, "fíríìjì kì í wẹ̀."

"Ṣé kì í ṣe ojú ẹ ni wọ́n ṣe wẹ ẹsẹ̀ ẹ̀ báyìí?"

Àlájà kọ ọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì tí iná dé, mo tàn án, ó ṣiṣẹ́. Kò tíì tutù tí Ìyá Alákàrà fi kanlẹ̀kùn pẹ̀lú ìkòkò ata, wọ́n ní àwọn wá kí ìyàwó. Àǹtí Nọ́ọ̀sì gbé sóbò wá. Bàbá Onímọ́tò mú omi inú ọ̀rá odidi àpò kan. Ìgbà tí Àlájà fi dé pẹ̀lú abọ́ ẹran, ìgò omi tèmi ti wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò ráyè. Mo fi ọ̀wọ̀ bi wọ́n pé ṣé àwọn náà á san díẹ̀ kún owó iná rẹ̀.

Wọ́n ti ìlẹ̀kùn fíríìjì náà pa, wọ́n fi ọwọ́ nù ún. "Ìyá ọkọ," wọ́n ní, "kì í sanwó lọ́dọ̀ ìyàwó ọmọ rẹ̀."