Súwẹ́tà Màmá Mi àti Ooru Houston

Ní àárín Oṣù Kẹjọ tó kọjá, mo pe màmá mi lórí fóònù ní Ìlódè, ní Ilé-Ifẹ̀, mo sì gbọ́ pé ohùn wọn ti há. Wọ́n ní òtútù ló mú àwọn, pé láti ọjọ́ mẹ́ta ni ojú ọjọ́ ti ṣú, tí òjò wínníwínní kò jẹ́ kí aṣọ tí wọ́n sá gbẹ, àti pé súwẹ́tà tí mo fi ránṣẹ́ sí wọn ni wọ́n wọ̀ sùn mọ́jú. Ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, ni èmi wà, mo ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ mi méjèèjì sílẹ̀, mo ń dúró kí àga inú rẹ̀ tutù tó ohun tí ènìyàn lè fẹ̀yìn tì. Màmá mi ní, "Ìwọ tí o wà nílẹ̀ òtútù, o kú ọ̀gìnnìtìn o." Mo ní, "Ẹ ṣé, mà, ṣùgbọ́n ooru ló ń pa wá níbí." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà wọ́n, nítorí wọ́n rò pé mo ń ṣẹ̀fẹ̀ ni.

N kò lè dá wọn lẹ́bi. Èmi gan-an, nígbà tí mo ń palẹ̀ mọ́ láti kúrò nílé, ẹ̀wù òtútù mẹ́ta ni mo rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta òkìrìkà, títí kan kóòtù kan tó wúwo bí ọmọ ọdún méjì, nítorí pé yìnyín àti èéfín tó ń jáde lẹ́nu ènìyàn ni gbogbo wa mọ̀ nípa òkè òkun. Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé ìlú tí mo ń lọ kò jìnnà sí etí òkun, níbi tí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ti ń rán ọ̀rinrin sínú afẹ́fẹ́ láti Oṣù Karùn-ún títí di Oṣù Kẹsàn-án, débi pé òógùn kì í gbẹ lára. Ní Oṣù Keje àti Oṣù Kẹjọ, ooru ọ̀sán níbẹ̀ sábà máa ń tó dígírì 35 ní ìwọ̀n Celsius, nígbà tí ti Ilé-Ifẹ̀ ní oṣù méjèèjì yìí kì í sábà kọjá 28 tàbí 29. Ilẹ̀ olóoru ni mo ti kúrò tí mo fi wá rí ooru.

Ohun tó tún mú un nira ni pé kàlẹ́ńdà ń ṣèlérí fún wa. Ní ọjọ́ 22 tàbí 23 Oṣù Kẹsàn-án, tí ọ̀sán àti òru bá dọ́gba, wọ́n á ní ìgbà ìwọ́wé ti wọlé, ṣùgbọ́n kí ọjọ́ náà tó pé rárá ni àwọn ilé ìtajà ti ń fi ewé pupa àti ewé aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n fi ike ṣe ṣe ẹnu ọ̀nà lọ́ṣọ̀ọ́, tí àwọn ènìyàn sì ń gbé elégédé ka iwájú ilé wọn. (Títí di òní, ọbẹ̀ tó ń ṣòfò ni mo máa ń rí nígbàkígbà tí mo bá wo àwọn elégédé yẹn.) Elégédé á máa jẹrà níwájú ilé nítorí ooru, ewé ara igi á sì wà ní tútù yọ̀yọ̀. Kódà ọ̀kan nínú àwọn ọjọ́ tí ooru tíì mú jù lọ nínú àkọsílẹ̀ ìlú Houston, nígbà tó dé nǹkan bíi dígírì 43, Oṣù Kẹsàn-án ló bọ́ sí, ọjọ́ kẹrin oṣù náà ní ọdún 2000. Ilẹ̀ àti òkun tí oòrùn ti ń yan láti oṣù mẹ́rin kì í tutù lọ́jọ́ kan nítorí pé kàlẹ́ńdà pàṣẹ.

Ní Ilé-Ifẹ̀, ojú ọ̀run la máa ń wò. Oṣù Kejì àti Oṣù Kẹta ni ooru tiwa, nígbà tí ọyẹ́ ti lọ tí òjò kò sì tíì dé, tí páànù orí ilé á máa dún lọ́sàn-án, tí omi kànga á sì fà. Lálẹ́, gbogbo agbo ilé wa ló máa ń jáde síta. Bàbá àgbà á gbé àga wọn sẹ́nu ọ̀nà, àwa ọmọdé á tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, màmá mi á máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ àbúrò mi títí oorun á fi gbé àwọn fúnra wọn lọ tí abẹ̀bẹ̀ á sì bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá ń kọjá á kí wa pé ẹ kú ooru, a ó sì dáhùn, bí ẹni pé iṣẹ́ kan ni ooru náà tí gbogbo wa jọ ń ṣe. Títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí ìjì á ṣàdédé jà láti ìlà-oòrùn, tí eruku á sọ, tí àwọn ìyá á máa sáré kó aṣọ àti èlùbọ́ tí wọ́n sá, tí páànù aládùúgbò kan á sì ṣí. Àkọ́rọ̀ òjò nìyẹn.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń pe ooru ilé ní oyin. Ẹ̀fọn ń jẹ wá níta yẹn, àìsí iná ló sì lé púpọ̀ nínú wa jáde. Ṣùgbọ́n oòrùn ní ilẹ̀ wa kì í yẹ àdéhùn: bí aago méje alẹ́ bá ti ń lù, oṣù yòówù kó jẹ́, ó ti wọ̀ tàbí ó ku díẹ̀ kó wọ̀. Ní Houston, ní Oṣù Kẹfà, aago mẹ́jọ alẹ́ á kọjá, oòrùn á sì wà lókè, ògiri àti títì ọlọ́dà á wá máa tú ohun tí wọ́n fà mu lọ́sàn-án jáde di òru. Ooru Ilé-Ifẹ̀ máa ń lọ sílé lálẹ́. Ti Houston, ọ̀dọ̀ wa ló ń sùn.

Ìyàtọ̀ tó tóbi jù lójú mi wà nínú ilé. Ní ọgbà yunifásítì tí mo ti kẹ́kọ̀ọ́ ní Ilé-Ifẹ̀, èyí tí à ń pè ní Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lónìí, Arieh Sharon, ayàwòrán-ilé ọmọ Ísírẹ́lì, ló ya àwòrán àwọn ilé tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ síbẹ̀ ní àwọn ọdún 1960. Èyí tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní Humanities dà bí ilé tó dorí kodò: àjà òkè yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ, tó fi jẹ́ pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣíji bo èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀, oòrùn kò ráàyè wọlé, atẹ́gùn nìkan ló ń kọjá. Mo ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ibẹ̀ rí lọ́sàn-án Oṣù Kẹta, láìsí fáànù, tí mo sì sùn lọ lórí ìwé tí mo ń kà.

Ilé tí mo ń gbé ní Houston kò mọ ohun tó ń jẹ́ atẹ́gùn. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ni fèrèsé rẹ̀ wà fún. Ẹ̀rọ amúlétutù ló ń bá a mí. Ní Oṣù Keje ọdún 2024, nígbà tí ìjì líle tí wọ́n pè ní Beryl jà, tí iná sì lọ ní ilé àti ilé iṣẹ́ tó lé ní mílíọ̀nù méjì, inú ilé wa di ààrò kí ọjọ́ náà tó kanrí. Ọjọ́ kẹrin ni iná tó dé. Ní ọjọ́ kejì, mo tẹ́ ẹní síwájú ilé, mo gé páálí kan, mo fi ṣe abẹ̀bẹ̀. Obìnrin ará Mexico tó ń gbé lódìkejì, tí a ti ń wo ara wa láti ọdún méjì láìkíra, gbé àga tirẹ̀ jáde, ó sì bù nínú ìbẹ́pẹ tó gé fún mi. A jókòó bẹ́ẹ̀ di òru, gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì mélòó kan la sì fi ṣe gbogbo ọ̀rọ̀. Nígbà tí iná dé, a wọlé, a tilẹ̀kùn.

Bí ìtura bá wá dé nígbẹ̀yìn, ní ìparí Oṣù Kẹsàn-án tàbí nínú Oṣù Kẹwàá, ó jọ ọyẹ́ wa ju bí mo ti rò lọ. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ni àwọn méjèèjì, ìhà àríwá sì ni wọ́n ti ń wá. Ènìyàn á ṣílẹ̀kùn lówùúrọ̀, ara rẹ̀ á gbọ̀n díẹ̀, ètè rẹ̀ á gbẹ, á sì máa wá òrí káàkiri ilé. Eruku nìkan ni kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ eruku aṣálẹ̀ Sàhárà tí ọyẹ́ ń gbé wá sí Ilé-Ifẹ̀ ní Oṣù Kejìlá máa ń la òkun Àtìláńtíìkì kọjá dé Texas, àmọ́ ní Oṣù Kẹfà àti Oṣù Keje ni, nígbà tí ooru ń mú lọ́wọ́, tí ojú ọ̀run á funfun bí ẹfun. Òtútù ló ń bá a wọ Ifẹ̀, ooru ló ń bá a wọ ọ̀dọ̀ wa.

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀sẹ̀ kejì Oṣù Kẹwàá ni atẹ́gùn náà dé. Mo ṣí gbogbo fèrèsé tó ṣeé ṣí, mo sì pe màmá mi láti fi yangàn. Wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀ nípa ọdún Ọlọ́jọ́ nílùú, ṣùgbọ́n inú wọn kò dùn, nítorí pé òjò àrọ̀kúrò kò fẹ́ dáwọ́ dúró, kòkó tí ẹ̀gbọ́n mi sá sórí ẹní sì ti ń bu. Mo ní, "Màmá, ojú ọjọ́ ti tutù níbí o." Wọ́n ní, "Tútù kẹ̀? Oòrùn là ń wá. Ooru tí ẹ ò fẹ́ yẹn, bá wa fi ránṣẹ́, kó wá bá wa wo kòkó fún ọ̀sẹ̀ kan péré." Mo ní màá dì í mọ́ ẹrù tó ń bọ̀.